Ẹ wo ọjọ́ orí wọn dáadáa kẹ́ ẹ tó ní ikú ń pọ̀ sí i

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Mo ka àpilẹ̀kọ tẹ́ ẹ gbé jáde lórí àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà tẹ́ ẹ ní ikú ń pọ̀ sí i láàárín àwọn ẹni 45 ọdún sí 54 wọn, mo sì rí bí àwọn èèyàn ṣe ń fi ránṣẹ́ káàkiri lórí WhatsApp, tí oníkálukú ń fi tiẹ̀ kún un, ẹlòmíì ní òpin ayé ló dé, ẹlòmíì ní ṣebí òun ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé Amẹ́ríkà ò dáa. Ẹ ò parọ́ o, àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ lẹ sọ, ìdajì tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ yẹn gan-an ló jẹ́ kí n gbé fóònù mi, torí èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa tá a jọ jáde iléèwé girama, ká máa kọ orúkọ òkú sílẹ̀ ti wá di ara iṣẹ́ mi báyìí, kì í ṣe pé mo bẹ̀bẹ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá, torí ẹni tó kọ ọ́ sáré kọjá níbẹ̀. Anne Case àti ọkọ ẹ̀, Angus Deaton, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n gbé e jáde ní oṣù Kọkànlá 2015, ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré lẹ́yìn tí wọ́n kéde pé Deaton gba ẹ̀bùn Nobel lórí ètò ọrọ̀ ajé, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí bí irú ìyẹn ò ṣe ní gba gbogbo ìwé ìròyìn kan. Àwọn aláwọ̀ funfun tí wọn ò wá láti ìran Hispanic, ìyẹn àwọn tí ìran wọn wá láti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ èdè Spanish, ni wọ́n wò, láti 45 sí 54, wọ́n ka iye tó ń kú lọ́dọọdún nínú èèyàn 100,000, láti 1999 dé 2013. Iye yẹn ti ń wálẹ̀ látọdún tó ti pẹ́, gbogbo èèyàn rò pé á máa wálẹ̀ lọ ni, àfi bó ṣe yí padà tó ń gòkè, láti nǹkan bíi 381 dé 415. Láàárín àwọn tí ò kàwé kọjá girama, 134 gbáko ló fi lé sí i. Lásìkò kan náà ní Faransé, ní Jámánì, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Kánádà àti Swídìn, wálẹ̀ ló ń wá. Ohun tó sì ń pa àwọn ti Amẹ́ríkà yẹn kì í ṣe ohun tójú ò rí rí, oògùn àti ọtí àmujù ni, ẹ̀dọ̀ tó ti bàjẹ́, àtàwọn tó ń fọwọ́ ara wọn gbẹ̀mí ara wọn. OxyContin, oògùn ara ríro kan tó lágbára, ti wà lọ́jà láti 1996, ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn á lọ sọ́sibítù, á kó bárakú bọ̀ wálé, títí iléeṣẹ́ tó ń tà á fi gbà ní kóòtù ní 2007 pé àwọn jẹ̀bi, àwọn ṣi aráàlú lọ́nà lórí bó ṣe ń di bárakú sí.

Ibi tẹ́ ẹ dé nìyẹn, ẹ wá dúró.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Andrew Gelman, ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò ní Yunifásítì Columbia, dá sí i, òun àti Jonathan Auerbach ni wọ́n jọ kọ èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016. Ìbéèrè tí wọ́n bi àwọn èèyàn ò le rárá, ṣé báwọn tó wà láàárín 45 sí 54 ṣe rí ní 1999 náà ni wọ́n ṣe rí ní 2013? Àwọn tó wà nínú ẹ̀ ní 1999, nǹkan bíi 1945 sí 1954 ni wọ́n bí wọn, ti 2013 jẹ́ àwọn tí wọ́n bí láàárín 1959 sí 1968. Ẹ sì mọ̀ pé nígbà tí ogun àgbáyé kejì parí, àwọn sójà darí sílé, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ya láti 1946, ó ń ya bẹ́ẹ̀ títí dé 1964 kó tó wá lọ sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá ṣírò ẹ̀, ní 1999 apá ibi tí àwọn àbúrò wà nínú ẹgbẹ́ yẹn ni èrò pọ̀ sí, ní 2013 apá ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n ló pọ̀ sí, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pé 45 ò tó nǹkan. Orúkọ ẹgbẹ́ ò yí padà, 45 sí 54 náà ni, àmọ́ àwọn tó wà nínú ẹ̀ ti dàgbà, tẹ́ ẹ bá da ọjọ́ orí wọn pọ̀ tẹ́ ẹ pín in, ó ti fi bí ìlàjì ọdún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìlàjì ọdún kẹ̀? Ohun témi náà sọ nìyẹn. Àmọ́ lọ́jọ́ orí yẹn ọdún kan kì í ṣe ọdún lásán, ẹni 54 sún mọ́ ìlọ́po méjì ẹni 45 tó bá di ọ̀rọ̀ ikú, bẹ́ẹ̀ ohun tá a sì ń pariwo lé lórí, láti 381 dé 415, kò tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí wọ́n tún un ṣírò, tí wọ́n mú ọ̀rọ̀ dídàgbà yẹn kúrò, ohun tó jáde ni pé iye náà gòkè láti 1999 dé nǹkan bíi 2005, lẹ́yìn ìyẹn ó dúró sójú kan. Nígbà tí wọ́n sì ya obìnrin sọ́tọ̀ sí ọkùnrin, ti àwọn obìnrin ló ṣì ń gòkè, ti ọkùnrin ti yíjú padà lẹ́yìn 2005 ó ń wálẹ̀. Fọ́tò ọkùnrin tó ń mutí lẹ fi síwájú ìròyìn yín o.

N ò lè ka èyí kí n má rántí ẹgbẹ́ wa. Nípàdé tá a ṣe kẹ́yìn, ọ̀kan nínú wa dìde ó ní ikú yìí ti pọ̀ jù, àfi ká gbààwẹ̀, gbogbo ilé ní àmín, wọ́n ti ń pín ẹni tó máa ké sí pásítọ̀ àtẹni tó máa ké sí ààfáà. Mo ṣí ìwé mi. Àwọn tó kú nígbà tá a ṣì ń lé ní ọgbọ̀n ọdún, mọ́tò ló pa èyí tó pọ̀ nínú wọn, ẹnì kan nínú àwọn obìnrin kú sórí ìkúnlẹ̀. Àwọn ti ìsinsìnyí, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, kíndìnrín. Ó ń pọ̀ sí i lóòótọ́, kí ló fẹ́ ṣe tí ò ní pọ̀ sí i, ṣebí gbogbo wa la jọ ń dàgbà, kò sí ọmọdé kan tó ń wọlé wá bá wa nínú ẹgbẹ́. Tá a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ikú tiwa ju tàwọn tó ṣáájú wa lọ, àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó jáde ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú wa la ó fi wé, kì í ṣe bí wọ́n ṣe wà báyìí o, bí wọ́n ṣe wà nígbà tí wọ́n wà lọ́jọ́ orí tá a wà yìí. Mo pe akọ̀wé wọn. Ẹ̀gbọ́n ní ikán ti jẹ ìwé náà. A gbààwẹ̀ ṣá.

Mi ò wá fẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbé ọ̀rọ̀ mi lọ sórí Facebook pé wọ́n ti já irọ́ Case àti Deaton o. Rárá. Èèyàn lè fi ọjọ́ orí ṣàlàyé ìgòkè díẹ̀ yẹn, kò lè fi ṣàlàyé bí tàwọn Faransé ṣe ń wálẹ̀ tí tàwọn funfun Amẹ́ríkà wà lójú kan. Dídúró sójú kan gan-an ni àjálù ọ̀hún. Àwọn méjèèjì ṣírò ẹ̀ pé ká ní iye náà ń wálẹ̀ lọ bó ṣe ń wálẹ̀ láàárín 1979 sí 1998 ni, èèyàn 488,500 ni ì bá má kú láàárín ọdún 1999 sí 2013. 134 tí wọ́n ní ó fi lé sí i láàárín àwọn tí ò kàwé púpọ̀ yẹn ló tún yẹ kéèyàn fura sí díẹ̀, torí ọdọọdún làwọn tó ń lọ yunifásítì ń pọ̀ sí i, àwọn tó kù sẹ́yìn sì ń dín kù, wọn kì í ṣe irú èèyàn kan náà pẹ̀lú àwọn tó wà níbẹ̀ ní 1999.

Èyí tó wá bí mi nínú nìyí. Ẹ kọ ojú ìwé odindi, ẹ ò mẹ́nu ba àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Ní 2013 yẹn náà, lọ́jọ́ orí kan náà, nǹkan bíi 582 ló ń kú nínú 100,000 wọn, ti àwọn funfun tẹ́ ẹ ń sunkún lé lórí jẹ́ 415. Tàwọn dúdú ti fi ju 200 wálẹ̀ láti 1999, ó dáa, iṣẹ́ ńlá ni, síbẹ̀ òkè ni wọ́n ṣì wà. Àwọn àbúrò wa tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Houston àti Maryland, tí wọ́n bá fẹ́ kọ̀wé ibẹ̀ síbi tó ń béèrè àwọ̀, àpótí wo lẹ rò pé wọ́n ń máàkì?

Ó wá ku gbólóhùn tí ẹni yín fi parí, pé nílé níbí náà àwọn ẹni 50 ọdún ń kú báyìí ju ti ayé àwọn bàbá wa lọ. Níbo lẹ ti rí i? Ìkànìyàn tá a ṣe kẹ́yìn, 2006 ni, èyí tó ṣáájú ẹ̀ jẹ́ 1991, èyí tí wọ́n ní wọ́n fẹ́ ṣe ní 2023 wọ́n sún un síwájú. A ò mọ iye ẹni 50 tó wà láàyè, báwo la ṣe fẹ́ mọ iye tó ń kú nínú wọn? Òkú tá a sin láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ẹ má jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀. Láyé bàbá mi, ẹni tó bá kú ní Ṣakí, ará Ìjẹ̀bú ò ní gbọ́, lónìí kí n tó jí, fóònù ti fi òkú mẹ́ta tí mi ò mọ̀ rí hàn mí, gbogbo wọn lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́.

Ọjọ́ orí yẹn gan-an ńkọ́? Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ orí méjì, ti ilé, àti ti àfídáfíìtì kó má bàá tètè rẹ̀tàyà. Ọ̀kan nínú wa tó jáde láyé láìpẹ́ yìí, 49 ni wọ́n kọ sára pósítà ẹ̀, àwa tá a jọ wọ fọ́ọ̀mù wáànù mọ̀ pé kò séèyàn kankan nínú wa tó jẹ́ 49 mọ́, mo kọ iye tó jẹ́ gan-an sínú ìwé ẹgbẹ́. Ọ̀gá Olóòtú, ẹ bá mi bi akọ̀ròyìn yín, 50 ọdún tí wọ́n ń sọ yẹn, ti pósítà ni àbí tilé?

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé ẹgbẹ́ kan n'Ìbàdàn