Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì ní Houston

Ìsàlẹ̀ Èkó,
Lagos.

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Mo gbọ́ ohùn tó o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, pé ẹni tí mọ́tò rẹ gbá ti pè ọ́ lẹ́jọ́, àti pé o fẹ́ kó owó ìrànwọ́ aláìlera tí ìjọba Amẹ́ríkà ń san fún ọ wá sọ́dọ̀ mi kí wọ́n má bàa gbà á. Àyà mi já. Ọ̀rọ̀ yìí gba kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kó o lè máa padà kà á, kó o sì fi han àwọn ọmọ.

Rárá o, má fi owó ìrànwọ́ oṣooṣù yẹn ránṣẹ́ sí àkáǹtì mi. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ ràn ọ́ lọ́wọ́. Ibi tí owó yẹn wà gan-an ni òfin ti ń dáàbò bò ó. Tó o bá gbé e wá sí Èkó, ta ló máa gbà pé owó ìrànwọ́ ni? Wọ́n á kàn ní ò ń gbé owó sá fún kóòtù ni.

Nígbà tí mo ń ṣe akọ̀wé kóòtù ní Igbosere, kí wọ́n tó dáná sun ibẹ̀ lọ́dún 2020, ojú mi rí ohun tí ẹjọ́ gbèsè ń ṣe. Wọ́n á dá ẹjọ́ fún olùpẹ̀jọ́, báílífù á gbé àṣẹ lọ sí báǹkì kan dé òmíràn ní Marina àti Broad Street, wọ́n á sì ti àkáǹtì onígbèsè pa. Mo mọ̀ pé ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò yọjú sí kóòtù rí. Wọ́n gba ìwé, wọ́n ká a, wọ́n tì í bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ti owó tìrẹ yàtọ̀. Bùkọ́lá ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ lọ́ọ̀yà ní Maryland, ti Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, ka òfin náà sí mi létí lórí fóònù. Abala 207 nínú òfin Social Security, ìyẹn ètò ìjọba tó ń san owó rẹ, sọ pé ẹni tó o jẹ lówó kò lè gbẹ́sẹ̀ lé owó yẹn, ìdájọ́ kóòtù ì báà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún 1973, àjọ ìrànwọ́ ìjọba kan ní New Jersey fẹ́ gba irú owó yẹn lọ́wọ́ ẹni tó ní ìpèníjà ara. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ní wọn ò tó bẹ́ẹ̀. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2011 sì ni wọ́n ti di ẹrù rẹ̀ lé báǹkì lórí. Tí àṣẹ bá dé, báǹkì gbọ́dọ̀ wo oṣù méjì sẹ́yìn, kó ṣírò owó tí ìjọba fi wọlé tààrà, kó sì fi iye yẹn sílẹ̀ fún ọ kó o máa ná an. Nítorí náà, má da owó tí àwọn ọmọ ń fún ọ tàbí èsúsú ẹgbẹ́ pọ̀ mọ́ ọn. Jẹ́ kó dá wà. Àwọn tó lè mú nínú rẹ̀ ò pọ̀: owó orí ìjọba àpapọ̀, owó ìtọ́jú ọmọ tí kóòtù pa láṣẹ, irú ìyẹn. Ẹni tí mọ́tò rẹ gbá kò sí lára wọn.

Ìyẹn ò ní kóòtù má dá ọ lẹ́bi o. Ìdájọ́ lè wà lórí rẹ fún ọdún 10 ní Texas, wọ́n sì lè sọ ọ́ dọ̀tun, kó máa dúró de owó míì tó bá wọlé fún ọ. Má jẹ́ kí wọ́n dá ẹjọ́ náà lẹ́yìn rẹ. Wo ìwé tí wọ́n mú wá. Tó bá jẹ́ district court, ìyẹn kóòtù ńlá, èsì rẹ gbọ́dọ̀ ti wọlé kó tó di aago 10 òwúrọ̀ Mọ́ńdè tó bá tẹ̀ lé ogúnjọ́ tí ìwé tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ti justice court, kóòtù ẹjọ́ owó kékeré, ọjọ́ 14 péré ni.

Lónìí, kó o tó wẹ̀, pe ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì mọ́tò rẹ. Àwọn ló yẹ kó gba lọ́ọ̀yà fún ọ, kí wọ́n sì san owó dé iye tó wà nínú ìwé rẹ. Tí lọ́ọ̀yà ẹni tó pè ọ́ lẹ́jọ́ bá pè, má bá a sọ ohunkóhun, títí kan “ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú” tí wọ́n fi tọ́ wa dàgbà níbí. Tí àwọn onínṣọ́ránsì bá ń fà á, Lone Star Legal Aid wà ní Houston yín. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kéré kì í sanwó lọ́dọ̀ wọn.

Àwọn Social Security pàápàá kò ní tìtorí ẹjọ́ dá owó rẹ dúró. Ara rẹ ni wọ́n ń wò, àti bóyá o ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Aládùúgbò rẹ tó ní o ò gbọdọ̀ ní ju 2,000 dọ́là ní báǹkì, ti SSI ló ń sọ, owó tí wọ́n ń fún aláìlera tàbí arúgbó tí kò ní lọ́wọ́. SSDI ni tìrẹ, owó ẹni tó ti ṣiṣẹ́ kí àìlera tó dé bá a, ìyẹn ò kàn ọ́. Gbogbo ọdún tó o fi ń gbé àwọn arúgbó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì títí ẹ̀yìn rẹ fi bà jẹ́, wọ́n ń yọ owó ètò yìí nínú owó oṣù rẹ. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé sàráà ni. Inú ń bí mi tí mo bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ pé “owó tí wọ́n ń fún mi.”

Kọ ọjọ́ tí ìwé ìpẹ̀jọ́ náà tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ sára rẹ̀, ya fọ́tò gbogbo ojú ewé, títí kan ẹ̀yìn, kó o fi ránṣẹ́ sí mi. Bùkọ́lá máa pè ọ́ lálẹ́ Sátidé. Jọ̀ọ́, gbé fóònù. Bá mi kí Táyé àti Kẹ́hìndé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Ìyá Bùkọ́lá