Lẹ́tà sí àbúrò mi tó fọ́ ère Màmá

Àbúrò mi,

Màmá pè mí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Kò sunkún, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní, "Àbúrò rẹ ti fọ́ ọ," ó sì béèrè bóyá mo ti jẹun. Ìgbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ wọlé lọ́jọ́ kejì, pé Ọlọ́run ti lò ọ́ láti wẹ ilé náà mọ́, ni mo tó mọ̀ pé ère Màríà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ ni, àti pé ìgbà tó lọ sí Máàsì lo ráyè ṣe é.

Kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí rẹ, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ìjọ Kátólíìkì, mo máa ń dojú ère yẹn gan-an kọ ògiri kí n tó gbàdúrà ní yàrá Màmá. Bó bá dé, á yí i padà. Kò bá mi sọ ọ́ rí. Nítorí náà, kì í ṣe Àgùdà ló ń kọ̀wé sí ọ. Títí di òní, mi ò lè kúnlẹ̀ níwájú ère, mi ò sì ní gbé e sílé mi.

O fi Ẹ́kísódù 20 ránṣẹ́ sí mi: "Ìwọ kò gbọdọ̀ yá ère fún ara rẹ." Ó dáa. Ṣí i dé orí 25. Ọlọ́run kan náà ló ní kí Mósè fi wúrà ṣe kérúbù méjì sórí àpótí ẹ̀rí, níbi tó mọ́ jù lọ. Nínú Númérì 21, òun náà ló ní kó rọ ejò, kó gbé e kọ́ sórí òpó, kí ẹni tí ejò bá bù jẹ lè wò ó kó yè. Mo mọ ibi tí o máa sá sí: Hesekáyà, ọba Júdà. Òótọ́ ni, 2 Àwọn Ọba 18:4 sọ pé ó fọ́ ejò idẹ náà túútúú, Bíbélì sì yìn ín. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ẹsẹ yẹn ni kì í jẹ́ kí n sùn. Idẹ tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n rọ ni, ọwọ́ Mósè ló rọ ọ́, síbẹ̀ ó di ohun tó yẹ ní fífọ́. Ejò náà kò yí padà. Àwọn ènìyàn ló ti ń sun tùràrí sí i. Hesekáyà rí tùràrí. Ìwọ ńkọ́, kí lo rí? Ṣé o tiẹ̀ béèrè lọ́wọ́ Màmá?

O tún ní àwọn Kátólíìkì ti yọ òfin kejì kúrò. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí, tariwotariwo. Bíbélì ní òfin mẹ́wàá ni, kò fi nọ́ńbà sí wọn. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù àtijọ́ kan ní Áfíríkà, ka ọ̀rọ̀ ère mọ́ òfin àkọ́kọ́, ó wá pín ojúkòkòrò sí méjì nísàlẹ̀ kí iye rẹ̀ lè pé. Kátólíìkì tẹ̀ lé e, Luther, aṣáájú àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì, náà tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọlẹ́yìn Calvin, Pùròtẹ́sítáǹtì mìíràn, àti àwọn Ọ́tódọ́ọ̀sì, ìjọ àtijọ́ ti Ìlà-Oòrùn, ló ka ère sí òfin kejì, àwọn Ọ́tódọ́ọ̀sì yìí sì rèé, àwòrán ló kún ṣọ́ọ̀ṣì wọn láti òkè délẹ̀! Ibi tí mo ti gbà fún ọ ni pé nínú ìwé katikísímù kéékèèké, wọ́n sábà máa ń gé òfin àkọ́kọ́ yẹn kúrú débi pé ọmọdé lè há gbogbo rẹ̀ sórí láì gbọ́ ọ̀rọ̀ ère. Ìyẹn kò dáa lójú mi.

Àwọn tó mọ̀wé jù wá lọ ti fa ọ̀rọ̀ yìí ya. Ní 754, bíṣọ́ọ̀bù 338 péjọ sí Hieria, nítòsí Constantinople, olú ìlú ìjọba Róòmù ti Ìlà-Oòrùn. Wọ́n ní ẹni tó bá ya àwòrán Kristi ti yà á sí méjì, ara lọ́tọ̀, Ọlọ́run lọ́tọ̀. Bí kò bá sì yà á, a jẹ́ pé ó ti po méjèèjì pọ̀ nìyẹn. Má fojú kéré wọn. Ṣùgbọ́n Jòhánù ará Dàmásíkù, mọ́ǹkì kan tó ń gbé lábẹ́ ìjọba Mùsùlùmí níbi tí ọwọ́ ọba Constantinople tó ń gbógun ti àwòrán kò tó, ti fèsì ṣáájú: a kì í ya Ọlọ́run láyé àtijọ́ torí kò lára, nígbà tó gbé ara wọ̀, tí wọ́n fojú rí i, ohun tí wọ́n rí la ń yà. Ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Nicaea ní 787 gbè sẹ́yìn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀: ọ̀wọ̀ lè jẹ́ ti àwòrán, ìsìn jẹ́ ti Ọlọ́run nìkan. Ìwé ìpàdé náà wá dé ààfin Charlemagne, ọba àwọn Frank ní Yúróòpù, lédè Látìn, ìtumọ̀ rẹ̀ sì burú tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀wọ̀ àti ìsìn fi di ọ̀kan náà. Inú bí wọn, wọ́n kọ̀ ọ́ níbi ìpàdé tiwọn ní Frankfurt ní 794. Ẹ wo ohun tí ògbufọ̀ lè dá sílẹ̀!

Ìdí nìyí tí mo fi ń ṣọ́ ẹnu mi. Àwa ní júbà, a ní tẹríba, a ní sìn, a ní bọ. O kọ ọ́ pé Màmá "ń bọ ère". Bọ kẹ̀? Ábúráhámù tẹríba fún àwọn ọmọ Hétì nínú Jẹ́nẹ́sísì 23, n ò tíì gbọ́ ẹni tó ní ó bọ wọ́n.

Luther tí o fẹ́ràn yìí náà, nígbà tí wọ́n ń fọ́ ère ní Wittenberg, ìlú rẹ̀ ní Jámánì, ní 1522, ibi tó fara pa mọ́ sí ló ti jáde wá láti dá wọn lẹ́kun. Kì í ṣe pé ère jọ ọ́ lójú. Ní 1525 ó kọ ọ́ pé bí òun bá ti gbọ́ ìyà Kristi, àwòrán ọkùnrin tó kọ́ sórí àgbélébùú ti yọ lọ́kàn òun nìyẹn, òun fẹ́ o, òun kọ̀ o. Bí kò bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́kàn, báwo ló ṣe máa di ẹ̀ṣẹ̀ lójú? Rántí fíìmù Jésù tó pa ọ́ lẹ́kún lọ́jọ́ Àjíǹde. Òṣèré lo ń wò. Àwọn ọmọlẹ́yìn Calvin kan wà tí wọn kì í wo irú fíìmù bẹ́ẹ̀ rárá. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, òṣùwọ̀n kan ni wọ́n ń lò. Tìrẹ ni méjì.

Èmi ti béèrè lọ́wọ́ Màmá. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní lọ́pọ̀ òru, awò ojú òun lòun ń táràrà wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère náà. Ó ní bí nǹkan bá le, òun máa ń ní kí Màríà bá òun bẹ Ọmọ rẹ̀. Mo sọ fún un pé ti ìkejì yìí, mi ò gbà á, a sì jiyàn títí fóònù rẹ̀ fi kú. Ó tún pè padà.

Ó ń retí ìpè tìrẹ. Má fi Ẹ́kísódù bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ