Káàdì méjì tí à ń jù sílẹ̀ nínú kríbéèjì, ọpọlọ ló ń jù ú, kì í ṣe orí-ire

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé yín lórí fóònù láti Portsmouth níbí tí mò ń gbé, mi ò kọ̀wé sí yín rí, àmọ́ lẹ́tà kan tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá ò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Ẹni tó kọ ọ́ ní ayò ọlọ́pọ́n àti dírááfù nìkan leré tó ń lo ọpọlọ, ó ní gbogbo eré káàdì, tẹ́tẹ́ lásán ni, ẹni tórí bá ṣe níre ló ń jẹ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò bá a jà lórí ayò, bàbá tó bí mi lọ́mọ ta ayò dọjọ́ ikú ẹ̀, àmọ́ eré káàdì kan wà tí mò ń ta ní gbogbo alẹ́ Túsìdeè, kríbéèjì ni wọ́n ń pè é, mo sì fẹ́ sọ ohun tí mo fojú ara mi rí níbẹ̀.

Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ náìtì. Bàbá òyìnbó kan ń gbé níbẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ogun ojú omi nígbà tó wà ní géńdé, oorun kì í tètè kùn ún, òun ló kọ́ mi. Tí mo bá ti fún gbogbo wọn lóògùn tán tí ilé pa lọ́lọ́, á ní kí n gbé pátákó wá.

Fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n, bó ṣe rí rèé. Ẹni méjì ló sábà máa ń ta á. Ẹni tó pín káàdì á fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní 6, nínú 6 yẹn wàá mú 4 dání, wàá dojú 2 dé sílẹ̀, ẹnìkejì náà á dojú 2 tiẹ̀ dé, 4 tí ẹ jọ jù sílẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ kríbù, ẹni tó pín káàdì ló ni ín, òun ló máa ka póíńtì inú ẹ̀ tó bá yá. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á ṣí káàdì kan nínú àwọn tó kù, káàdì yẹn á kún tọwọ́ mi, á kún tọwọ́ ẹ, á tún kún kríbù. Káàdì tí àròpọ̀ wọn bá jẹ́ 15, póíńtì 2. Méjì tó jọra, 2. Tí wọ́n bá tò tẹ̀lé ara wọn bíi 6, 7, 8, iye tí wọ́n bá jẹ́ ni póíńtì wọn. Kíìngì, Kuíìnì, Jáàkì, 10 ni wọ́n ka gbogbo wọn sí. A máa ń fi pẹ́ẹ̀gì kéékèèké rìn lórí pátákó oníhò, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé 121 ló jẹ.

Gbogbo wa la ta Whot dàgbà. Nínú Whot, káàdì tóo bá ti jù, o ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn, bóo ṣe ń jù ú lo ń sún mọ́ láàsì káàdì. Kríbéèjì ò rí bẹ́ẹ̀ rárá, káàdì tóo jù ò kú o, ilé ẹnìkan ló lọ. Ẹni tó bá mọ ayò ta, èyí á tètè yé e, torí ọmọ ayò tóo fọ́n kì í parí sílé ẹ nìkan, ó ń wọ ilé ẹnìkejì, ọ̀pẹ ló máa ń fọ́n in láìwo ibi tí ọmọ tó kẹ́yìn máa bọ́ sí. Torí náà, kí n tó wo káàdì mi pàápàá, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi ara mi ni pé ta ló ni kríbù yìí?

Mi ò tètè mọ èyí o, ojú mi rí i kó tó yé mi. Lálẹ́ ọjọ́ kan nígbà òtútù, Bàbá ló pín káàdì. Mo wo ọwọ́ mi, mo rí káàdì mẹ́rin tó jẹ́ irú kan náà, Hẹ́ẹ̀tì, 2, 6, 8 àti Kuíìnì, 5 ti Sípéèdì àti Kíìngì ti Kílọ́ọ̀bù sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn. Hẹ́ẹ̀tì mẹ́rin yẹn wọ̀ mí lójú, torí tí 4 tóo mú dání bá jẹ́ irú kan náà, póíńtì 4 nìyẹn lọ́fẹ̀ẹ́, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo ju 5 àti Kíìngì sínú kríbù Bàbá. Wọn ò tíì ṣí nǹkankan tí mo ti fún un ní 2, torí 5 àti Kíìngì, 15 ni! Wọ́n ṣí káàdì, Kuíìnì ti Dáyámọ́ǹdì. Mo ka tèmi, 4 fún Hẹ́ẹ̀tì, 2 fún Kuíìnì méjì, 6 péré. Bàbá ka tọwọ́ ẹ̀, kò tó nǹkan, ó wá ṣí kríbù. 10 àti Jáàkì dúdú lòun náà jù síbẹ̀. Ẹ wo ohun tí 5 mi ṣe fún un: 5 pẹ̀lú 10, 5 pẹ̀lú Jáàkì, 5 pẹ̀lú Kuíìnì, 5 pẹ̀lú Kíìngì, 8 nìyẹn, 10 dé Kíìngì tún tò tẹ̀lé ara wọn, 4, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 12. Ọwọ́ Bàbá máa ń gbọ̀n, ó fi pẹ́ẹ̀gì ka ihò yẹn níkọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, ihò kejìlá ló gbé e dé 121, èmi sì wà ní 114.

Bàbá ò fi mí ṣẹ̀sín. Ó kàn kó káàdì mi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà sórí téèbù, ó tún un tò níwájú mi, ó mú 5, 6, Kuíìnì àti Kíìngì sọ́wọ́ kan, ó ti 2 àti 8 sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo wò ó, mo kà á. Póíńtì 4 náà ló wà níbẹ̀, 5 pẹ̀lú Kuíìnì, 5 pẹ̀lú Kíìngì! Iye tí mo torí ẹ̀ gbá Hẹ́ẹ̀tì mú náà ni. Kuíìnì tó ṣí yẹn ì bá sọ tèmi di 8, kríbù tiẹ̀ ì bá sì jẹ́ 3 péré, torí 2 àti 8 mi ò ní ṣe é lóore kankan. 8 sí 3 dípò 6 sí 12, póíńtì 11 ló wà láàárín wọn. Tí gbogbo nǹkan yòókù bá dúró bó ṣe wà, Bàbá ì bá wà ní 112 kí n wà ní 116. Káàdì tó pín fún mi kan náà ni o, èyí tí wọ́n ṣí kan náà ni, ohun tí mo jù nìkan ló yàtọ̀. Kí ẹni tó kọ lẹ́tà ọ̀sẹ̀ tó kọjá dákun fi orí burúkú hàn mí nínú ẹ̀.

Ọ̀nà 15 ló wà láti yan 2 jù nínú 6, káàdì 46 sì wà tóo ò rí, ìyẹn ni ìṣirò tí à ń ṣe bí ẹnìkejì ṣe ń wò wá lójú. Ẹ jẹ́ ká mú ọwọ́ kan wò. Ká ní 7, 7, 8, 8, 9 àti Kíìngì ló wà lọ́wọ́ ẹ. Tóo bá mú 7, 7, 8, 8, póíńtì 12, torí 7 àti 8 jẹ́ 15 lọ́nà mẹ́rin, 8 nìyẹn, méjì tó jọra tún wà lẹ́ẹ̀mejì, 4. Tóo bá mú 7, 7, 8, 9, póíńtì 12. 7, 8, 8, 9 náà, 12. Ọ̀pẹ á ní ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, á mú èyí tó bá wù ú. Àmọ́ ẹ bá mi wo káàdì tí wọn ò tíì ṣí. Pẹ̀lú 7, 7, 8, 8, tí 6 bá yọ, 24, mẹ́rin ló sì wà níta, tí 9 bá yọ, 24 náà, mẹ́ta ló kù, tó bá jẹ́ 7 tàbí 8, méjì-méjì ló kù, 20 nìyẹn. Káàdì 11 tó lè sọ ẹ́ dolówó! Pẹ̀lú 7, 7, 8, 9 ńkọ́? 8 méjì nìkan ló lè gbé ẹ dé 24, 7 méjì á fún ẹ ní 21, 9 mẹ́ta á fún ẹ ní 20, àmọ́ tó bá jẹ́ 6 ló yọ, 16 péré ni. 7 dípò 11. Ohun tóo jù tún wà níbẹ̀ o, 9 àti Kíìngì, àròpọ̀ wọn ò jẹ́ 15, 10, Jáàkì àti Kuíìnì ló wà láàárín wọn, ó máa ṣòro kí wọ́n tó rí ara wọn, tó bá jẹ́ ẹnìkejì ló ni kríbù, oúnjẹ tí ò níyọ̀ lo gbé fún un.

5 ni mo fẹ́ kí ẹ fojú sí jù. Nínú káàdì 52, 16 ló jẹ́ 10, ìyẹn 10 fúnra ẹ̀ àti Jáàkì, Kuíìnì, Kíìngì, gbogbo wọn ló ń wá 5 kiri. Nítorí náà mi ò kì í ju 5 sí kríbù ẹlòmíì mọ́, àfi tí ọ̀bẹ bá dé mi lọ́rùn. Tó bá jẹ́ èmi ni mo pín, ó yàtọ̀, mo lè ju 5 síbẹ̀ tayọ̀tayọ̀, mo lè ju méjì tó jọra, tàbí 7 àti 8 tó ti jẹ́ 15 kó tó délé, tàbí 2 àti 3 tí ìkankan nínú àwọn 16 yẹn máa sọ di 15. Kíìngì ni mo fẹ́ràn láti jù sílé ẹlòmíì, torí ìkángun ló wà, káàdì kankan ò sí lẹ́yìn ẹ̀, Ééṣì, ìyẹn káàdì 1, ò sì lè bá a tò, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ti lè rí ẹni tẹ̀lé. Ééṣì náà ò jìnnà sí bẹ́ẹ̀.

Ìgbà míì wà tí wàá kàn san án. Tóo bá ní 2, 3, 5, 10, Jáàkì, Kuíìnì, tí kríbù sì jẹ́ ti ẹnìkejì, wàá mọ̀ pé 2 àti 3 ò dáa láti fún un, àmọ́ 5, 10, Jáàkì, Kuíìnì tóo máa mú dání jẹ́ 9, èyí tó tẹ̀lé e ò ju 4 lọ. Jù ú, kóo fara mọ́ ọn. Tí eré bá sì ti ń lọ sópin, gbogbo ohun tí mo sọ yìí lè yí padà, torí ẹni tí ò pín káàdì ló ń kọ́kọ́ ka tiẹ̀, tó bá ku póíńtì 4 fún ẹ kóo dé 121, tí 4 náà sì wà lọ́wọ́ ẹ, ju 5 méjì sí kríbù ẹ̀ tóo bá fẹ́, kò ní ráyè ṣí i, àfi tó bá ti fi póíńtì eré àárín, nígbà tí ẹ ń já káàdì lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó ka tọwọ́ yín, dé ilé ṣáájú ẹ. Bàbá fi èyí nà mí lẹ́ẹ̀mẹta kó tó wọ̀ mí létí.

Lórí ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́, mo fẹ́ fi kún un pé akéwì Gẹ̀ẹ́sì kan, Sir John Suckling, tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ni òǹkọ̀wé John Aubrey sọ pé ó dá eré yìí sílẹ̀, látinú èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní noddy ló sì ti yọ. Òfin tẹ́tẹ́ tí wọ́n ṣe níbí ní 1968 dárúkọ dómínò àti kríbéèjì sọ́tọ̀ pé àwọn èèyàn lè ta wọ́n ní páàbù. Òótọ́ ni pé orí-ire wà níbẹ̀, mi ò ní purọ́. Ọwọ́ tó ga jù láyé ni 29, ìyẹn 5 mẹ́ta pẹ̀lú Jáàkì lọ́wọ́ ẹ, kí 5 kẹrin tó bá Jáàkì yẹn jọ jẹ́ irú kan náà wá yọ, ẹ̀ẹ̀kan nínú 216,580 ni wọ́n ní ó ń ṣẹlẹ̀, Bàbá ò rí i rí ní gbogbo ọdún tó ti ń ta á. Ẹni tó bá ń dúró de 29 á pẹ́ lórí ìdúró. Póíńtì méjì-méjì, mẹ́ta-mẹ́ta tóo fi ọgbọ́n pa mọ́, tóo sì fi du ẹnìkejì, òun ló ń gbé pẹ́ẹ̀gì dé 121.

Olóòtú, ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún ò pọ̀. Lójú ìwé tí ẹ ti ń gbé ayò jáde yẹn, ẹ dákun ẹ yọ̀ǹda igun kékeré kan fún káàdì, kí ẹ máa gbé ọwọ́ 6 kan síbẹ̀ kí àwọn èèyàn sọ ohun tí wọ́n máa jù àti ìdí tí wọ́n fi jù ú. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ rèé, Bàbá ló gbé e kalẹ̀ fún mi ní Túsìdeè tó kọjá, títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí mi ò tíì dá a lóhùn: 6, 7, 7, 8, 8, 9. Ọ̀nà 5 ló wà tóo lè gbà mú 4 nínú ẹ̀ kó jẹ́ 12. Tó bá jẹ́ ìwọ lo pín, èwo lo máa jù? Tó bá jẹ́ ẹnìkejì ńkọ́?

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Portsmouth