Yorkshire ni lẹ́tà sọ, Surrey ni ọlọ́pàá ń tú

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́. Nígbàkígbà tí wọ́n bá mẹ́nu ba bí Agatha Christie, òǹkọ̀wé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ṣe di àwátì ní Oṣù Kejìlá 1926, ọ̀rọ̀ bóyá iyè rẹ̀ ra ni gbogbo yín ń jà sí. Èmi rò pé bí wọ́n ṣe wá a ló yẹ ká yẹ̀ wò.

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 3, ló wa ọkọ̀ Morris Cowley rẹ̀ kúrò nílé ní Sunningdale. Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n bá ọkọ̀ náà ní Newlands Corner, nítòsí Guildford ní ẹkùn Surrey, ó ti yà sínú igbó, díẹ̀ ló kù kó já sí kòtò tí wọ́n ti ń wa ẹfun. Ẹ̀wù onírun rẹ̀ wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òtútù mú gidi. Kenward, igbákejì ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá Surrey, bá gbà pé òkú lòun ń wá. Wọ́n wá inú adágún Silent Pool, bàálù ń fò lókè, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń tú igbó. Conan Doyle, òǹkọ̀wé ìtàn Sherlock Holmes, tiẹ̀ gbé ìbọ̀wọ́ Agatha fún abókùúsọ̀rọ̀! (Ẹ má bi mí ohun tíyẹn fẹ́ ṣe.)

Agatha sì ti kọ̀wé sí Campbell, àbúrò ọkọ rẹ̀, pé òun ń lọ sinmi níbi omi ìwòsàn kan ní Yorkshire, lápá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òǹtẹ̀ London, ti àárọ̀ Sátidé, ló wà lára àpòòwé. Ta ló fi í ránṣẹ́, tó bá jẹ́ pé ó ti kú sí Surrey lóru?

Òótọ́ ni pé ẹni tó bá ń wá Christie nínú ìwé àlejò kò ní rí i. Teresa Neele, ará Cape Town, ló pe ara rẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì Swan Hydro ní Harrogate, ní Yorkshire yẹn náà. Nancy Neele sì lorúkọ obìnrin tí Archie, ọkọ Agatha, fẹ́ tìtorí rẹ̀ kọ Agatha sílẹ̀. Kí iyè ra, kó wá jẹ́ orúkọ yẹn ló kù? Ó ṣòro fún mi láti gbà. Síbẹ̀ mi ò pè é ní òpùrọ́: ìyá rẹ̀ kú ní Oṣù Kẹrin ọdún yẹn, ọkọ tún ń lọ. Ìyẹn tó da orí ẹnikẹ́ni rú.

Àwọn olórin hòtẹ́ẹ̀lì náà, Bob Tappin àti Bob Leeming, ló dá a mọ̀, tí wọ́n sì ké sí ọlọ́pàá. Ọjọ́ 14 ni Archie wá fojú ara rẹ̀ rí i níbẹ̀. Tí ẹ bá tún ń kọ ìtàn yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fo orúkọ àwọn méjèèjì.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín