Lẹ́tà sí Àjàní Lórí Àwọn Ọkọ̀ Òfurufú tí Kò Dọ́gba

Mókólá, Ìbàdàn.

Àjàní, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ púpọ̀, mo sì kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Ara gbogbo wa le níbí. Mo ti ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú rẹ̀ tí n kò lè jẹ́ kó kọjá láìfèsì. O ní ẹ lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Hiller ní San Carlos, ẹ sì rí ọkọ̀ òfurufú kékeré kan tí ìyẹ́ rẹ̀ wọ́, tí ẹ̀gbẹ́ kan nà síwájú tí èkejì sì nà sẹ́yìn, bí àlùmọ́gàjí tí a ṣí díẹ̀. O rò pé àwọn tó tò ó síbẹ̀ ni kò dè é dáadáa. Wọn kò ṣe àṣìṣe rárá, Àjàní. Bí ọkọ̀ náà ṣe fò gan-an nìyẹn, inú mi sì dùn pé ìwọ ni o rí i, nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tí mo lè bá sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

AD-1 ni orúkọ rẹ̀. Àjọ NASA ló ni ín, ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1979 ni ó sì kọ́kọ́ fò, ní aṣálẹ̀ ìpínlẹ̀ California tí o ń gbé yẹn. Nígbà tí ó bá fẹ́ gbéra, ìyẹ́ rẹ̀ á tọ́ bíi ti ọkọ̀ yòókù; nígbà tí ó bá dókè tán, awakọ̀ á fi ẹ̀rọ oníná yí ìyẹ́ náà lórí ìdè kan ṣoṣo tó wà láàárín, díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi yí dé ìwọ̀n 60 dígírì. Ìyẹ́ tó tọ́ ló dára jù fún gbígbéra àti bíbalẹ̀, nítorí ó ń gbé ọkọ̀ dúró dáadáa nígbà tí eré kò tíì pọ̀. Ṣùgbọ́n bí eré bá ti ń sún mọ́ ìyára ohùn, afẹ́fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ká jọ síwájú rẹ̀, á sì máa fà á sẹ́yìn gidigidi, ìyà tí kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lára ìyẹ́ tó bá fì sẹ́yìn. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ogun F-111 ti gbìyànjú láti ní méjèèjì nípa kíká ìyẹ́ ọ̀tún àti ti òsì sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ìyẹn gba ìdè méjì àti irin tó wúwo, bí ìyẹ́ méjèèjì bá sì ti lọ sẹ́yìn, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbé ọkọ̀ náà á sún sẹ́yìn pẹ̀lú wọn. Nínú AD-1, bí ẹ̀gbẹ́ kan ṣe ń lọ sẹ́yìn ni èkejì ń lọ síwájú, nítorí náà ibi ìwọ̀n kò kúrò lójú kan. Ohun tí ojú rí bí àìdọ́gba ni ìṣirò rí bí ìdọ́gba.

Robert T. Jones ló ronú rẹ̀, ó sì ti ń gbé èrò náà kiri láti ọdún 1945. Mo fẹ́ràn ìtàn ọkùnrin yìí. Ọdún kan péré ló lò ní yunifásítì kí ó tó fi í sílẹ̀. Nígbà tó yá, iṣẹ́ ẹni tó ń wa lífíìtì ni ó ń ṣe nínú ọ́fíìsì àwọn aṣòfin ní Washington, ọ̀kan nínú àwọn aṣòfin tó ń gbé lọ sókè tó ń gbé bọ̀ nísàlẹ̀ sì di ẹni tí ó ń kọ́ ní ìṣirò. Ó dùn mí pé a kò fún èrò rẹ̀ láyè tó. Ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì kékeré méjì ni wọ́n fi sí AD-1, eré rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi kìlómítà 270 ní wákàtí kan lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀bá ìyára ohùn ni èrè ìyẹ́ náà wà. Ó fò ní ìgbà 79 kí iṣẹ́ rẹ̀ tó parí ní 1982. Òótọ́ ni pé bí ìyẹ́ bá ti kọjá 45 dígírì, ọkọ̀ náà á nira láti darí, tí awakọ̀ bá fẹ́ gbé imú rẹ̀ sókè, ó tún fẹ́ yí sí ẹ̀gbẹ́; ṣùgbọ́n fáíbágíláàsì tí wọ́n fi ṣe é kò le tó, ìyẹn sì wà lára ohun tó fà á.

Kì í ṣe Jones nìkan ni irú èrò yìí wá sí lọ́kàn. Ní Hamburg, ní ilé iṣẹ́ Blohm & Voss tó ń kan ọkọ̀ ojú omi, ẹnìkan wà tó ń jẹ́ Richard Vogt, òun náà sì ya àwòrán ọkọ̀ oníyẹ̀ẹ́ yíyí kí Ogun Àgbáyé Kejì tó parí, bẹ́ẹ̀ ìhà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ogun náà ni òun àti Jones wà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ Vogt tí mo fẹ́ sọ fún ọ ni BV 141, tó fò ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 1938. Iṣẹ́ ogun ni wọ́n ṣe é fún, n kò sì ní bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ìjọba Jámánì ń fẹ́ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan tí ènìyàn mẹ́ta á jókòó sí, tí wọn á sì máa rí ilẹ̀ kedere. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá sì wà ní iwájú, òun ni yóò máa dí ojú wọn. Vogt kó àwọn ènìyàn náà sínú yàrá onígíláàsì kan ní ọ̀tún, ó sì fi ẹ́ńjìnnì àti ara gígùn tó lọ dé ìrù sí òsì.

O mọ bí obìnrin tó fi ọwọ́ kan gbé korobá omi ṣe máa ń fi ara sí òdìkejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni abẹ̀bẹ̀ iwájú ọkọ̀: bí ó bá ń yí sí ìhà kan, ara ọkọ̀ á fẹ́ yí sí ìhà kejì, gbogbo ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan ló sì ń bá a jìjàkadì. Vogt fi ìwúwo yàrá ọ̀tún yẹn tako yíyí náà, ọkọ̀ tí gbogbo ènìyàn rò pé yóò ṣubú sì fò dáadáa. Nígbà tí ó tún un ṣe, ó gé ọ̀pọ̀ jù lọ apá ọ̀tún ìrù rẹ̀ kúrò kí ẹni tó jókòó sẹ́yìn lè rí ibi gbogbo. Mo ya á sójú pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, ọ̀kan sì béèrè pé, “Tíṣà, apá tó kù ńkọ́?” Ọkọ̀ mìíràn, Fw 189 tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ méjì, ni ìjọba yàn ní tiwọn. BV 141 tí wọ́n ṣe kò tó 30, kò sì sí ọ̀kan tó ṣẹ́ kù lónìí.

Burt Rutan, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ya àwòrán kíkún tí wọ́n fi kan AD-1, tún padà sí ọ̀nà yìí ní 1996 pẹ̀lú ọkọ̀ tó pè ní Boomerang. Nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì méjì tí a mọ̀, bí ẹ́ńjìnnì kan bá kú lójijì, èyí tó kù á fa imú ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló sì ti bá irú rẹ̀ lọ. Rutan fi ẹ́ńjìnnì kan sí imú ọkọ̀, ó fi èkejì sí orí ara kékeré kan ní òsì, sẹ́yìn díẹ̀, kí wọ́n lè súnmọ́ ara wọn. Agbára wọn gan-an kò dọ́gba, ọ̀kan jẹ́ agbára ẹṣin 210, èkejì 200. Bí ọ̀kan bá dákẹ́, ọkọ̀ náà kò ní já mọ́ awakọ̀ lọ́wọ́. Ìka kò dọ́gba, síbẹ̀ ọwọ́ ń di nǹkan mú. Bí mo bá ní kí n yan ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí ni mo máa yàn, nítorí ẹ̀mí ènìyàn ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, mo bẹ̀ ọ́, tún padà lọ sí San Carlos. Má wo ìyẹ́ náà nìkan. Wo àárín rẹ̀, níbi tó ti jókòó lé ara ọkọ̀, kí o sì ya fọ́tò rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, àti láti òkè bí àyè bá wà. Fi ránṣẹ́ sí mi kí táàmù tó ń bọ̀ tó wọlé, nítorí ọ̀sẹ̀ kejì ni a ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lórí ìwọ̀n àti ìdọ́gba, ọmọ tó béèrè apá tó kù sì ń retí ìdáhùn mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Àkànbí