Sí Ọmọ Wenger, ní ìlú òtútù

Gáà Àkànbí, Ìlọrin.

Ọmọ Wenger,

Àsàlámù aléékúmù. Ṣé òtútù ò tíì sọ ẹ́ di yìnyín? Màmá ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ ibà, wàrà ti gbówó lórí, iná ṣì ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Ó tán.

O ní kò sí kóòṣì Chelsea tó gọ̀ tó Villas-Boas. Mo gbà, àmọ́ jẹ́ ká sọ ibi tó ti gọ̀. Kì í ṣe ti pé ó ní kí àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn gòkè wá sí àárín pápá. Ẹ̀yìn lè gòkè, bí àwọn tó wà níwájú bá ń fún ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀ lọ́rùn, tí kò fi ní ráyè gbójú sókè. Tó bá ti ráyè báyìí, bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo sí ẹ̀yìn wọn ti tó. Ní oṣù kẹwàá 2011, kò sẹ́ni tó fún wọn lọ́rùn, Terry, ẹ̀yìn tiwa, ò sì ní eré lẹ́sẹ̀ tó Walcott tiyín. Arsenal yín na Chelsea wa 5-3, ní Stamford Bridge, ilé wa! Van Persie yín nìkan jẹ mẹ́ta. O ò tíì rẹ́rìn-ín ẹ̀ tán.

Di Matteo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Villas-Boas ní oṣù kẹta 2012, kò ra ẹnikẹ́ni, ó kàn dá ẹ̀yìn padà síwájú gólì ni. Ní oṣù karùn-ún, ife Champions League dé láti Munich.

Wenger tìẹ ńkọ́? Eré ẹlẹ́ẹ̀kẹgbẹ̀rún ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí kóòṣì Arsenal ní oṣù kẹta 2014, Chelsea wa nà yín 6-0. Bọ́ọ̀lù ń bọ́ lẹ́sẹ̀ yín láàárín pápá nígbà tí àwọn yòókù ti sáré lọ síwájú. Má fi rẹ́fẹ́rì ṣe àwáwí. Lóòótọ́, ó lé Gibbs yín jáde fún ọwọ́ tí Oxlade-Chamberlain, tiyín náà, fi gbá bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n méjì ti wọlé kó tó kan ìyẹn.

Guardiola ló burú jù lójú tèmi, torí pé ó ní ohun tó yẹ kó lò. Àṣekágbá Champions League 2021 ní Porto, tí Manchester City ẹ̀ bá Chelsea wa gbá, ó fi Rodri àti Fernandinho, àwọn tó mọ iwájú ẹ̀yìn ṣọ́, sórí bẹ́ńṣì, ó kó Gündoğan síbẹ̀. Ibẹ̀ wá dà bí ilé tí kò nílẹ̀kùn. Werner tiwa sáré gba ẹ̀gbẹ́ kan, Dias, ẹ̀yìn tiwọn, tẹ̀lé e, Mount tiwa fi bọ́ọ̀lù gba àárín, Havertz tiwa sì ti jẹ gólì. Ìṣẹ́jú 42. Fernandinho ò wọlé títí di ìṣẹ́jú 64. Èmi ò lè bínú sí i ṣá, ife tiwa ni.

Ohun tó fà á tí mo fi ń kọ gbogbo eléyìí rèé. Kóòṣì àwọn ọmọ àdúgbò wa ti wo Yúróòpù jù. Àṣekágbá wọn pẹ̀lú àwọn ọmọ Tanke ku Sátidé, ó sì ti ní kí ẹ̀yìn gòkè. Nọ́ńbà 5 wa, orí ló mọ̀ ọ́n lò, ẹsẹ̀ ẹ̀ wúwo. Gólíkípà kì í kúrò lójú gólì. Nọ́ńbà 7 tiwọn, o rántí ẹ̀gbọ́n ẹ̀? Ó yára ju ìyẹn lọ. Ẹnu mi ti bó, kò gbọ́.

Tìẹ nìkan ló máa gbọ́. Jọ̀ọ́, fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp kí Jímọ̀ tó dé. Ní kí ẹ̀yìn mẹ́rin dúró sí ẹnu bọ́kìsì, kí méjì wà níwájú wọn tí kò ní lọ síbì kankan, kí bẹ́ẹ̀kì ẹ̀gbẹ́ máa gòkè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kó máà jẹ́ pé méjèèjì lọ pọ̀ o.

Má jẹ̀ẹ́ kó mọ̀ pé èmi ni mo rán ẹ.

Èmi ni,
Ọmọ Di Matteo