Olóòtú, Ẹ̀pẹ́ kì í ṣe etí òkun o

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Mẹkáníìkì ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ni mí ní Ẹ̀pẹ́ níbí, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí jẹ́tì, tí kọ́sítọ́mà ò bá tíì dé ìwé ìròyìn yín ni mo máa ń kà, ojú ìwé ìtàn kúkúrú yẹn ni mo sì kọ́kọ́ máa ń ṣí kí n tó wo ti òṣèlú. Àmọ́ èyí tẹ́ ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn bí mi nínú díẹ̀, kí n má parọ́. Ọmọkùnrin inú ìtàn yẹn sá kúrò nílé bàbá ẹ̀, ó dé Ẹ̀pẹ́, ó wá jókòó sétí òkun, ó ń wo ìgbì. Òkun wo? Ọ̀sà la ní. Ẹni tó bá fẹ́ rí òkun láti ọ̀dọ̀ wa, á kọ́kọ́ sọdá ọ̀sà, á tún la ilẹ̀ tó wà lódìkejì já kó tó débẹ̀.

Ẹ lè ní kí ló kàn mí níbẹ̀, ṣebí ìtàn àròsọ ni. Ó kàn mí o. Tẹ́ ẹ bá yọ Ẹ̀pẹ́ kúrò nínú ìtàn yẹn tẹ́ ẹ fi Ìlọrin síbẹ̀, ọmọ yẹn á ṣì máa sunkún bó ṣe ń sunkún. Omi àti ilẹ̀ kàn wà níbẹ̀ bí aṣọ tí àwọn fọtogíráfà àtijọ́ máa ń ta sẹ́yìn èèyàn, èyí tí wọ́n ya ilé alájà àti òdòdó sí.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tójú mi rí. Lásìkò òjò tó kọjá, Sátidé kan, wọ́n fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ kan wá bá mi, ìyàwó ni wọ́n ń gbé lọ síbi yìgì lódìkejì ọ̀sà, àwọn mọ́kànlá ló wà nínú ọkọ̀, gèlè ti wọ́, ìyá ìyàwó gbé bàtà gogoro ẹ̀ dání. Mo ṣí ìdérí ẹ́ńjìnì, ooru kọ lù mí lójú bí ìgbà téèyàn ṣí ìkòkò tó ń hó. Ihò tí ẹ́ńjìnì fi ń fa omi tó ń mú un tutù, ewéko orí omi yìí, èyí tó ní òdòdó elésè àlùkò, ló dí i pa, gbòǹgbò ẹ̀ dúdú rẹ́súrẹ́sú bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, ó ti wé mọ́ pùrópélà. Mo gé e, mo fìka yọ ọ́, kò tán. Fóònù ò sinmi, ìdílé ọkọ ń sọ pé ìdílé ìyàwó ń gbéra ga, pé bóyá wọ́n tún fẹ́ fi kún owó orí ni. Ìyá ìyàwó pariwo, "Ẹ sọ fún wọn pé ewé ló dá wa dúró!" Ta ló máa gba ìyẹn gbọ́? Wọ́n ti kírun alásárì tán kí wọ́n tó kúrò lọ́dọ̀ mi, títí dòní mi ò mọ̀ bóyá àwọn àna yẹn ti yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ìtàn kúkúrú rèé o, mi ò fi ohunkóhun kún un.

Ewé yìí kì í sì í ṣe ojú oró tàwọn bàbá wa. Ọdún 1984 ló gba ojú omi Àgbádárìgì wọlé láti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Àwọn àgbà ní ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò, ká ní wọ́n bá èyí láyé ni, wọn ì bá wá nǹkan míì sọ. Kì í fẹ́ iyọ̀ o, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú tí omi òkun wọ ọ̀sà Èkó, ó máa ń kú lápá ibẹ̀, àmọ́ apá ọ̀dọ̀ wa síhà Lẹ́kkí, iyọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ débẹ̀. Odò Ọ̀ṣun ń já sí ọ̀sà Lẹ́kkí, òjò á rọ̀ ní Òṣogbo, èmi ni n ó tún ẹ́ńjìnì ṣe. Ọkọ̀ tó bá sì ń sún mọ́ òkun, iyọ̀ á ti jẹ inú ẹ́ńjìnì ẹ̀ tí wọn ò bá ń fi omi kànga ṣàn án. Tí mo bá tú ẹ́ńjìnì, mo lè sọ ibi tó ń gbé. Ó jọ pé àwa èèyàn náà rí bẹ́ẹ̀, àwọn kọ́sítọ́mà mi tó wá láti etí òkun máa ń lọgun sọ̀rọ̀ bí ẹni pé mo dití, ìgbì ló kọ́ wọn.

Èmi fúnra mi, Èkó Ẹ̀pẹ́ ni wá lápá bàbá. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó lọ́dún 1851, ojú ọ̀sà ló gbà wá síbí, ó tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú wọn ní 1854, ó padà sí Èkó ní 1862, àwọn kan nínú èèyàn ẹ̀ ò bá a padà. Àwọn tó dúró síbí yẹn ni wọ́n ń pè ní Èkó Ẹ̀pẹ́. Ìyá mi ní tiẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú láti oko ẹ̀gẹ́, kò mọ omi wẹ̀ títí tó fi kú. Ìyá tiẹ̀ ná ọjà Ẹ̀jìnrìn nígbà tó ṣì jẹ́ pé ibẹ̀ ni ẹrù Ìjẹ̀bú ń gbà wọ ọkọ̀ lọ sÉkòó, kí títì mọ́tò tó dé tí ọjà yẹn fi gbẹ. Ìyá mi wá ń kó gààrí wá sí Ẹ̀pẹ́, ó ń fi ra èpìyà àti ọ̀bọ̀kún. Lọ́jọ́ kan ìjì ò jẹ́ kí bàbá mi lè tu ọkọ̀ padà síbi ìgèrè ẹ̀, ó sùn mọ́jú lábẹ́ ìsọ̀ onígààrí kan, ẹni tó ni ìsọ̀ nìyá mi. Ká ní afẹ́fẹ́ fara balẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ ò bá má gba lẹ́tà yìí.

Torí náà, ẹ bá mi bi òǹkọ̀wé yẹn: ọmọ tó sá wá sí Ẹ̀pẹ́ yẹn, ojú omi ló gbà ni àbí títì? Tó bá jẹ́ ojú omi, oṣù wo ni? Tí ò bá mọ̀ ọ́n, kó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, kó má wọ bàtà aláwọ wá. Ọkọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ lọ dán wò.

Èmi ni tiyín,
Mẹkáníìkì ọkọ̀ ojú omi, Ẹ̀pẹ́